Ẹ̀tù Tó Kù Nínú Àdó Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin tí kò tíì lè dá omi gbé, ọdẹ ni bàbá mi, ìbọn ṣakabùlà kan ṣoṣo ló sì ní. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ dàgbà sí Stone Mountain ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ má wulẹ̀ rò pé ó ń lọ ra ọta nínú páálí ní ṣọ́ọ̀bù. Fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Yóò fọ́ àwókù ìkòkò irin sí wẹ́wẹ́, yóò dà á sórí ẹní, yóò wá máa yí ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ìka. Èyí tó bá rí wọ́gọwọ̀gọ, yóò jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí irú rẹ̀ kì í lọ tààrà.

Òfin kan wà nílé wa: ọdẹ kì í gbé ọta tí kò tíì dán wò wọ igbó. Ara igi ọ̀pẹ kan lẹ́yìnkùlé ló máa ń yìn ín sí, yóò wá fi ọ̀bẹ wà á jáde kó lè mọ ibi tó wọlé dé.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, túùkú wọ oko wa. Ẹ ò mọ túùkú. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni, ẹranko olóríkunkun. Ó hú iṣu tí à bá jẹ àti èyí tí à bá gbìn. Ebi dé, ebi gidi, kì í ṣe irú èyí tí ẹ fi ń ṣí fíríìjì tí ẹ ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àbúrò mi ò lè sunkún mọ́, ṣe ló kàn ń lanu. Bíi pé ìyẹn ò tó, òjò wọ inú àdó tí ẹ̀tù ìbọn wà. Bàbá mi sá a sóòrùn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí a lè fi yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló kù, a ò sì mọ̀ bóyá agbára ṣì wà nínú rẹ̀.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìn ín sígi. Igi ọ̀pẹ kọ́ ló jẹ iṣu wa."

Bàbá mi ò wojú rẹ̀. Ó ní, "Bí mi ò bá dán an wò, tí mo yìn ín tí kò wọ ara ẹran, èmi ni túùkú máa pa."

Ó ki ìbọn, ó yìn ín. Ó dún bí ìgbà tí arúgbó ń húkọ́. Ọta kan ọ̀pẹ, ó já bọ́ sílẹ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó mú un nílẹ̀.

Ó wá da gbogbo ẹ̀tù tó kù sínú ìbọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá pọ̀ jù, ìbọn lè bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì sí èyí tó máa fi dán an wò mọ́. Ìyá mi dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, bàbá mi já ara rẹ̀ gbà, ó lọ.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, a gbọ́ ìró kan tó mi ilẹ̀. Ìyá mi ní kí n lọ wò ó lójú ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé ebi.

Bàbá mi ló padà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wálé, ó fi ẹ̀wù di ọwọ́ òsì, ẹ̀jẹ̀ ń kán. Ó ní, "Ẹ lọ gbé e, ó wà lẹ́bàá odò." Lẹ́yìn náà ló ṣubú. Nígbà tí wọ́n tú ẹ̀wù yẹn, ìka méjì péré ló kù níbẹ̀. A jẹ ẹran túùkú lálẹ́ ọjọ́ náà. Mò ń sunkún, mo sì ń tọrọ sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi ọkùnrin jókòó nínú gáréèjì, ó ń ṣe ọta ìbọn tó fi ń dẹ àgbọ̀nrín. Ìwọ̀n kékeré kan ló fi ń wọn ẹ̀tù rẹ̀. Ó yẹ ọ̀kan wò, ó ní, "Grandma, this one ò dá mi lójú o. I'm tossing it." Ó sì jù ú nù lóòótọ́.

Mo bú sẹ́kún. Ó rò pé òun ṣẹ̀ mí, ó ń bẹ̀ mí. Rárá o, ayé ló yí padà. Máa jù ú nù, ọmọ mi. Bàbá mi náà mọ̀ pé ẹ̀tù tirẹ̀ kò dára. Òun náà ì bá dà á nù, ká ní oúnjẹ wà nílé.