Ilé Baba Tàwàkálítù, Orúkọ Tamuno

Tàwàkálítù kò mọ ilé mìíràn ju ilé baba rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ wá bá a gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rán tapólì, aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù orí tírélà, ní ẹ̀bá Wharf Road.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá wọn gọ́tà ńlá tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ̀ ẹ́, pé àwọn ilé kan máa bá a lọ, kí onílé kọ̀ọ̀kan wá ìwé rẹ̀ jáde, káwọn lè mọ ẹni táwọn máa sanwó ilé fún.

Ìwé sọ́fè nìkan ni baba rẹ̀ fi sílẹ̀, èyí tó fi ìwọ̀n ilẹ̀ náà hàn. Omi òjò ti pa orúkọ orí rẹ̀ rẹ́. Tàwàkálítù gbé e lọ bá Adaobi, lọ́yà kan tó ní ọ́fíìsì ní Warehouse Road.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ orúkọ tó wà lórí ilẹ̀ yìí ní ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ ní Aláùsá," ni Adaobi wí. "Ẹnikẹ́ni ló lè ní kí wọ́n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ńbà inú sọ́fè yìí ṣì hàn, òun la máa fi wá a."

"Orúkọ bàbá mi náà ni wọ́n máa bá níbẹ̀."

Nígbà tí èsì dé, lọ́yà kà á, ó tún un kà.

"Màmá, ta ni Tamuno?"

Tàwàkálítù di etí tábìlì mú. Ọ̀rẹ́ baba rẹ̀ ni Tamuno; àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ru ẹrù ní èbúté Àpápá. Yàrá iwájú ilé náà ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ gbé kí wọ́n tó padà sí ìlú wọn. Òun ló máa ń ka lẹ́tà fún baba Tàwàkálítù, nítorí baba náà kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. Ó jọ pé òun ló bá a lọ ṣe ìwé ilẹ̀ náà. Bóyá baba ló ní kó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i ni o, bóyá òun ló dá a ṣe ni o, kò sí ẹni tó kù láyé tí wọ́n lè bi.

"Àwa la kọ́ ilé yẹn. Èmi náà ru nínú yanrìn rẹ̀."

"Mo gbà yín gbọ́, mà. Àmọ́ ohun tó wà lákọsílẹ̀ nìyẹn. Àfi kí àwọn ọmọ rẹ̀ fọwọ́ sí i pé ti yín ni, tàbí ká lọ sí kóòtù. Kí kóòtù tó parí, wọ́n á ti fẹ gọ́tà yẹn tán."

Àwọn ará ìlú Tamuno tó ń jọ́sìn ládùúgbò ló bá a wá nọ́ńbà Philomena, ọmọ Tamuno obìnrin, tó wà ní Port Harcourt. Yorùbá Ajégúnlẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Sístà Tàwà, mo rántí yín. Ẹ̀yin lẹ máa ń di irun mi. Bàbá wa ti kú tipẹ́."

Tàwàkálítù ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un.

"Èmi máa fọwọ́ sí i," ni Philomena sọ. "Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn bùrọ̀dá mi sọ̀rọ̀."

Nígbà tó tún pè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Wọ́n ní bó bá jẹ́ orúkọ bàbá wa ló wà níbẹ̀, ilé bàbá wa ni. Wọ́n ní kí n má dá sí i. Sístà, ẹ má bínú sí mi."

"Mi ò bínú sí ẹ."

Ó fẹ́ bínú sí baba rẹ̀, àánú rẹ̀ ló ń ṣe é. Ó fẹ́ bínú sí Tamuno, ó wá rántí bó ṣe gbé òun sáré lọ sí kẹ́mísí lọ́jọ́ tí ibà fẹ́ pa òun.

Lẹ́yìn òjò, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba padà wá. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri ẹ̀yìn ilé. Ọ̀kan nínú wọn wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ilé. Ẹ bá wa pe Ọ̀gbẹ́ni Tamuno. Òun ló máa fọwọ́ síbí gẹ́gẹ́ bí onílé."

Tàwàkálítù nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró.

"Kò sí nílé," ló sọ.

Ọkùnrin náà ní kò burú, wọ́n sì kọjá sí ilé kejì.