Igi àbí Yìgì

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Àbúrò mi Nusaybah ló mú ọ̀rọ̀ yẹn ní òótọ́ ju gbogbo wa lọ. Àìsàn yírùnyírùn ló gba etí rẹ̀ nígbà tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, ètè àti ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló fi ń gbọ́ràn. Ẹnu tirẹ̀ kò kú o, àfi pé kì í mọ ìgbà tó bá ń pariwo.

Ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa ní àdúgbò Adéwọlé, ẹ má sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn níbi tó ti lè rí yín. Obìnrin kan jókòó sínú mọ́tò, ó yí gíláàsì sókè, ó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé aṣọ tí a rán fún òun rí bí àpò gàrí. Nusaybah dáhùn láti ìdí ẹ̀rọ: "Ẹ gbé e wá, mà, kí n bá yín dín in kù." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ó wá lọ fẹ́ràn Tahir tó ń ta igi ìkọ́lé ní òdìkejì títì. Onítìjú ni Tahir. Bó bá ti kí i tán, á fọwọ́ bo ẹnu. Ó máa ń bí mi nínú. Ta ní í fọwọ́ bo ẹnu fún ẹni tó ń fojú gbọ́ràn? Kíkí ni wọ́n ń kí ara wọn ṣáá, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan gidi.

Lọ́jọ́ kan, Tahir ń bá awakọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Tó bá di Jímọ̀, a ó so igi." Nusaybah rí ètè rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. "Àǹtí, Tahir fẹ́ so yìgì ní Jímọ̀." Kí n tó dáhùn, ó ti sọdá, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Ta ni ìyàwó?" Gbogbo òpópónà ló gbọ́ ọ.

"Ìyàwó wo?" ni Tahir wí.

"Ẹni tí ẹ fẹ́ bá so yìgì ní Jímọ̀. Èmi wá ńkọ́?"

Tahir gbé okùn sókè, ó nàka sí igi. "Igi ni mo wí. Oníbàárà kan ló ń bọ̀ wá kó o."

Igi àti yìgì, bákan náà ni wọ́n rí lórí ètè. Ẹ lọ síwájú dígí kí ẹ wí i. Àwọn tó ń kó igi bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rín, kí Ọlọ́run foríjì mí. Nusaybah fi ìbòrí bojú, ó ń sáré bọ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Tahir wá rí sọ̀rọ̀ sí. "Nusaybah, bí o bá gbà, ìwọ ni mo fẹ́ bá so yìgì." Gbogbo wa la gbọ́, àfi ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

Mo dì í mú, mo yí i padà. Tahir ti sáré dé, ó ń mí hẹlẹ, ọwọ́ ti tún wà lẹ́nu. Mo fi rúlà gbá ọwọ́ náà kúrò. Ó tún un wí.

Nusaybah wo ètè rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. "N ò rí i dáadáa. Ẹ tún un wí."

Ó tún un wí, òógùn bò ó.

"Ẹ tún un wí."

Mo kúkú mọ̀ pé ó ti rí i láti àkọ́kọ́. Ó kàn fẹ́ máa wò ó ni.