Ìyá Ìdá àti Kíláàsì Tí Kò Gba Ẹ̀rọ

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni obìnrin náà ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ìdá ló mọ̀ ọ́n kọ́ jù. Ìdá mẹ́ta, ìdá méje, èyí tí ń mú orí ọmọ gbóná, lọ́wọ́ tirẹ̀ bí ẹní ń pín búrẹ́dì ni. Ìdí nìyí táwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pè é ní Ìyá Ìdá. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ náà ń fi pè é nílé.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣèwádìí ní yunifásítì wọ ilé-ìwé wọn wá. Ó gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ dání, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀, tó ń ya àwòrán ìdá, tó sì ń sọ fún ọmọ pé ibí lo ti ṣì í. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ yìí á jẹ́ kí ìṣirò tètè yé wọn. Kíláàsì méjì ló mú. Ti olùkọ́ ọ̀dọ́kùnrin tó wà ní kíláàsì kejì gba ẹ̀rọ. Ti Ìyá Ìdá kò gba nǹkan kan.

"Tiyín la máa fi wọn tiwọn, mà," ni olùwádìí wí. "Ẹ ṣáà máa kọ́ wọn bí ẹ ṣe ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi kún un, ẹ má sì yọ níbẹ̀."

Ìyá Ìdá rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú. Àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó bá ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lójú fèrèsé kíláàsì kejì, tó fimú lẹ̀ mọ́ gíláàsì.

"Mà, kí la ṣe tí wọn ò fi fún wa?" lọmọ náà bi í.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí aago ìparí lù, Ìyá Ìdá ní kẹ́ni tó bá fẹ́ dúró díẹ̀. Àwọn mọ́kànlá ló dúró. Lọ́sẹ̀ kejì, gbogbo kíláàsì ni. Ogójì ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ ni wọ́n fi ń gé páálí, tí wọ́n ń ká bébà, tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gbọọrọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ọmọ á sì máa fẹsẹ̀ rìn láti òdo dé ìdajì, láti ìdajì dé ẹyọ kan. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ a máa kùn pé àwọn ni wọn ò jẹ́ kóun relé. Ìyá Ìdá ò sọ fẹ́nikẹ́ni mìíràn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n ṣèdánwò. Kíláàsì méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba máàkì kan náà. Pírínsípà pàtẹ́wọ́ nínú yàrá olùkọ́, ó ní, "Ẹ ò rí i? Ṣọ́ọ̀kì ò tíì kú!" Gbogbo wọ́n bú sẹ́rìn-ín, àyàfi olùkọ́ kíláàsì kejì tó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Bó ṣe rí ni màá ṣe kọ ọ́," ni olùwádìí wí jẹ́jẹ́. "Màá kọ ọ́ pé ẹ̀rọ náà ò fi nǹkan kan kún un."

Ó yẹ kínú Ìyá Ìdá dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó gbé oúnjẹ tì. Ó ro ọ̀rọ̀ ogójì ìṣẹ́jú náà fún ọkọ rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ọkùnrin náà yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Ìyá Ìdá, mo ti fi téèpù ìwọ̀n tó ti fà ran ṣòkòtò rí. Títí dòní, oníṣòkòtò yẹn ò lè jókòó."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sì pẹ́ tí omi náà di ẹkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá olùwádìí nínú yàrá sáyẹ́ǹsì, níbi tó ti ń di àwọn ẹ̀rọ sínú àpótí.

"Ọmọ mi, mo ba iṣẹ́ ẹ jẹ́," ó ní. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ sílẹ̀.

"Lójoojúmọ́, mà?"

"Lójoojúmọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé wọn ò tó ẹgbẹ́ wọn. Ìgbéraga tèmi náà wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́."

Ọ̀dọ́bìnrin náà forí lé tábìlì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ti wọmi. Ìyá Ìdá ò bẹ̀ ẹ́ pé kó má sunkún. Ó fa àga, ó jókòó tì í. Nígbà tó ṣe, olùwádìí nu ojú, ó ṣí ìwé rẹ̀.

"Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe nínú ogójì ìṣẹ́jú yẹn fún mi. Gbogbo ẹ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Ìdá wọ yàrá olùkọ́, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ lójú gbogbo wọn. Ojú tì í gidi. Olùkọ́ kíláàsì kejì gbójú sókè.

"Mà, mo ti ń rò ó pé èmi ni mi ò mọ iṣẹ́," ó ní.

"Dárí jì mí, àbúrò. O mọ̀ ọ́n."

Sáà tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tún ìwádìí náà ṣe, nílé-ìwé mìíràn. Ẹ̀rọ náà ran àwọn ọmọ tí ìṣirò ń dẹ́rù bà lọ́wọ́ díẹ̀. Kò ṣe tó bí àwọn tó ṣe é ṣe fọ́nnu. Olùwádìí kọ àṣìṣe àkọ́kọ́ sínú ìwé rẹ̀, kò fi pa mọ́. Ó sì kó ẹ̀rọ wá fáwọn ọmọ Ìyá Ìdá fún oṣù kan. Ọmọbìnrin ojú fèrèsé ló kọ́ olùkọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tàn án.

"Kì í ṣe ibẹ̀, mà. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì."