Ọjọ́ Tí Shutter Há Mi Mọ́ Ṣọ́ọ̀bù Ẹlẹ́ja

Ìbọ̀sẹ̀ ló kọ́kọ́ bí mi nínú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ní Rye Lane, ní ìlú òyìnbó níbí, ni mo ti rà á, ẹni tó tà á fún mi ní kò lè ya láéláé, àmọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ti yọrí síta bí ẹni tó ń wò bóyá bọ́ọ̀sì ń bọ̀. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, kò burú, bàtà á bò ó. Ṣùgbọ́n mọ́ṣáláṣí ni mò ń lọ lọ́jọ́ náà, mo sì máa bọ́ bàtà níwájú gbogbo ayé.

Ọ̀gá mi ló kú. Wọ́n fẹ́ kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, kí wọ́n sì gbé e lọ sin. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ iná ni o. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ tó ń fún mi lóúnjẹ jẹ, ẹnu ẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, torí pé fọ́ọ̀mù tú ni mo kàwé dé, fọ́ọ̀mù tú náà ló sì bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ máa lọ.

Kí ló wá gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú ọ̀gá mi? Ọgbọ́n orí mi ni.

Aunty kan ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, nínú Rye Lane níbẹ̀, ẹja yìnyín ló ń tà, pẹ̀lú iṣu díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá ló bá a fi iná sí shutter ẹ̀, irin tó máa ń ká lọ sókè láàárọ̀ tó tún ń bọ̀ wálẹ̀ lálẹ́. Shutter yẹn ti ń ṣe wèrè. Tó bá dé òkè pátápátá, kì í fẹ́ dúró mọ́, á máa fà, á máa ké bí àgbò Iléyá tó rí ọ̀bẹ. Ọ̀gá ti ṣèlérí fún Aunty pé òun máa wá wò ó lọ́sẹ̀ yẹn. Àìsàn kò jẹ́ kó wá. Ẹ sì mọ̀ bí tiwa ṣe rí: kí wọ́n tó sin Mùsùlùmí, wọ́n á bi gbogbo ìjọ bóyá ohunkóhun wà lọ́rùn ẹ̀ tó yẹ kí wọ́n bá a sọ̀ kalẹ̀. Mo wá rò ó pé èmi ni mo máa bá a sọ ti shutter kalẹ̀. Kí n tún un ṣe kíá, kí n fọwọ́, kí n lọ kírun sí ọ̀gá mi lára. Mo fẹ́ dúró ní ìlà iwájú. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Iṣẹ́ náà kò le. Ohun tó ń dá shutter dúró, suwíṣì kékeré kan ni nínú àpótí lókè. Tí irin bá ti ká dé ibi tó yẹ, á tẹ suwíṣì náà lórí, iná á já, ẹ́ńjìnnì á dákẹ́. Ọ̀gá máa ń sọ pé kò sí àdììtú kankan nínú suwíṣì. Irin méjì ni, wọ́n ń pàdé, wọ́n ń pínyà. Wọ́n bá pàdé, iná á kọjá. Wọ́n bá pínyà, iná á dúró. Ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ ló kàn yàtọ̀ síra. Ti ara ògiri, ìka èèyàn ni. Ti kẹ́tùlù, ooru omi tó hó ni. Ti fíríìjì, òtútù ni, àmọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀ náà tún ní tiẹ̀ tó ń tẹ̀, òun ló ń pa gílóòbù inú ẹ̀ tó o bá ti tì í. Mo bi í léèrè nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ pé báwo la ṣe mọ̀ pé gílóòbù yẹn ń kú lóòótọ́. Ó wò mí títí. Ó ní, “Wọnú ẹ̀ kí n tì ọ́ mọ́bẹ̀.”

Suwíṣì ńlá kan tún wà níbẹ̀, èyí tó ń gbé iná ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn, ìka kò gbọdọ̀ kàn án. Iná kékeré ló ń tẹ̀ ẹ́. Iná kékeré yẹn á gba inú wáyà tí wọ́n ká jọ, wáyà á di mágínẹ́ẹ̀tì, mágínẹ́ẹ̀tì á fa irin ńlá pàdé. Bọ́tìnnì tí èèyàn ń tẹ̀ kò gbé ẹrù kankan, ó kàn ń ránni níṣẹ́ ni. “Bí ìyàwó mi ṣe ń ṣe mí gan-an nìyẹn,” ọ̀gá á sọ.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń gba ìdí àkàbà mi kọjá. Mo ní kí Aunty jáde dúró síta kó máa dá wọn padà. Mo wà nínú, mo tẹ bọ́tìnnì, shutter bọ̀ wálẹ̀, ó dúró dáadáa nílẹ̀. Mo wá pa main switch, torí ohun tí ọ̀gá kọ́kọ́ kọ́ mi nìyẹn: má fọkàn tán suwíṣì kékeré, ti orísun ni kó o pa. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo gun àkàbà, mo ṣí àpótí.

Iṣẹ́ ọ̀gá ló wà níbẹ̀. Ó máa ń ṣẹ́ etí tépù ẹ̀ padà sẹ́yìn, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn òun lè rí ibi tó máa tú. Kò sẹ́lòmíì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wò ó díẹ̀. Mo yí ìdè suwíṣì kékeré yẹn kí irin lè máa bá a lórí, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó dún kẹ́. Mo dá ìdérí àpótí padà, mo dè é, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń yọ̀ mọ́ ara mi.

Mo tan main switch. Trip switch ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ fò padà, pàà. Mo tún gbé e sókè. Pàà.

Trip switch yìí ló le jù nínú gbogbo wọn. Ó ń ka iná bí ìyá ṣe ń ka ọmọ: iye tó jáde lọ, iye tó padà wálé. Tí díẹ̀ kò bá padà, kò ní wádìí, á já gbogbo ilé lójú ẹsẹ̀, torí ó lè jẹ́ ara èèyàn ni iná yẹn ń gbà kọjá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí kò bá gbà, iná kò sí. Tí iná kò bá sí, shutter kò lè gbéra, yálà látinú tàbí látìta.

“Uncle, ẹ ti parí?” Aunty pè mí gba ihò tí wọ́n ń ju lẹ́tà sí lára shutter.

“Ó kù díẹ̀, Aunty. Ọwọ́ irin tí a fi ń yí i tí kò bá síná dà?”

“Ẹ má bínú o. Ó wà nínú búùtù mọ́tò Daddy àwọn ọmọ mi.”

“Kí ló ń ṣe níbẹ̀?”

“Òun la fi ń la kòtè tó bá dì pọ̀. Kò sóhun tó mọ̀ ọ́n là bíi tiẹ̀.”

“Daddy dà?”

“Wọ́n wà nílé ní Catford. Wọ́n ń sùn, night shift ni wọ́n ṣe. Wọ́n ti pa fóònù.”

“Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ńkọ́?”

“Fíríìsà méjì ló wà níwájú ẹ̀. Ọ̀gá yín náà bá mi jà lé e lórí, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn.”

Mo lọ ti fíríìsà. Èmi ni mo sún sẹ́yìn. Mo padà wá, mo jókòó sórí àkàbà nínú òkùnkùn, òórùn ẹja bò mí. Aunty ní ṣé kí òun pe fáyà sáfíìsì. Kí n tó dáhùn, ó ti dá ara ẹ̀ lóhùn pé wọ́n á gé shutter òun. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà dípò. Ìjọ tó ń lọ, wọ́n kì í gbàdúrà jẹ́jẹ́. Gbogbo ẹ̀mí ìdádúró, gbogbo ilẹ̀kùn irin, kó fọ́ yángá. Èmi Mùsùlùmí ń ṣe àmín nínú. Mi ò ṣàwàdà, tọkàntọkàn ni mo fi ṣe é.

Obìnrin kan gbọ́ àmín yẹn níta. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ ń ta pánlá?”

“A ò tíì ṣí,” Aunty dá a lóhùn.

“Mo gbóhùn èèyàn nínú ẹ̀ ná.”

“Oníná ni.”

“Kó kúkú bá mi yọ ọ̀kan gba ihò yìí.”

Mo kúnlẹ̀, mo ń wo ìta gba ihò yẹn. Ẹsẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Bàtà, kẹ̀kẹ́ ọmọ, àpò iṣu. Jálàbíà funfun kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n ń yára. Mo mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Mo fẹ́ pè wọ́n, àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ? Pé kí wọ́n bá mi sọ fún Lèmọ́mù pé ọmọṣẹ́ olóògbé wà nínú ẹja?

Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀sùn kan fíríìsà. Mo yọ èyí àkọ́kọ́ lẹ́nu iná, mo gbé trip sókè, ó jábọ́. Mo yọ ìkejì. Mo yọ kẹ́tùlù, mo yọ ẹ̀rọ tó ń gé ẹja, mo yọ rédíò. Mo ń bú wọn bí mo ṣe ń yọ wọ́n. Mo pariwo sí Aunty pé omi ẹja ló ti wọnú nǹkan kan nínú ẹrù ẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀, kí n má bínú. Kò sí ohun tó kù tí n kò yọ, síbẹ̀, pàà. Lẹ́yìn ìyẹn kò sí jálàbíà tó kọjá mọ́. Gbogbo wọn ti wọlé.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí ọ̀gá máa ń bi mí tí iṣẹ́ bá dojú rú: “Kí ni ọwọ́ ẹ fi kàn gbẹ̀yìn?” Kì í bi mí ní ohun mìíràn.

Mo pa main switch, mo gun àkàbà. Mo tú ìdérí àpótí tí mo fi ìyárí dè. Wáyà kan ló wà lábẹ́ etí ẹ̀, mo ti fi irin tẹ̀ ẹ́ pa, bàbà inú ẹ̀ ti yọ síta, ó ń kan irin àpótí. Èmi ni. Fíríìsà kò ṣe nǹkan kan. Mo fi tépù dì í, mo ṣẹ́ etí ẹ̀ padà, mo dá ìdérí padà jẹ́jẹ́. Fóònù kú sí mi lọ́wọ́ bí mo ṣe ń sọ̀. Mo fọwọ́ wá ọ̀nà dé ìdí main switch, mo tàn án, mo gbé trip sókè. Trip dúró.

Mo tẹ bọ́tìnnì. Irin bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ìmọ́lẹ̀ wọlé látilẹ̀. Ó dé ìbàdí mi báyìí, mo gba abẹ́ ẹ̀ jáde, mo sáré. Aunty ń pè mí, mi ò wẹ̀yìn.

Ní mọ́ṣáláṣí, ibi tí wọ́n ń kó bàtà sí ṣófo. Bàbá tó ń gbálẹ̀ ní wọ́n ti gbé e lọ, gbogbo mọ́tò ti tẹ̀ lé e, òun kò mọ ibi tí ilẹ̀ ìsìnkú yẹn wà gan-an. Fóònù mi ti kú, mi ò rẹ́ni bi. Mo bọ́ bàtà mi. Àtàǹpàkò yọrí síta, kò sì sẹ́ni tó máa rí i. Mo kírun èmi nìkan, ní ìlà iwájú.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Deptford, sílé ọ̀gá. Àwọn obìnrin yí ìyàwó ẹ̀ ká, Alhaja jókòó láàárín wọn, ìborùn funfun ló fi borí. Mo dọ̀bálẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí mi sún díẹ̀, torí òórùn ẹja. Mo ní, “Alhaja, ẹ foríjì mí. Mi ò bá wọn kírun. Shutter Aunty ẹlẹ́ja tí ọ̀gá ṣèlérí ni mo lọ ṣe, ó há mi mọ́bẹ̀. Àmọ́ mo ti ṣe é.”

Ó wò mí bí ọ̀gá ṣe máa ń wò mí.

Ó ní, “Ṣé o dúró wò ó pé ó dúró lókè kó o tó kúrò níbẹ̀?”