Ṣòkòtò Ẹlẹ́nu Gbàgàdà ti Jẹ̀mílà

Bí ẹ bá béèrè Jẹ̀mílà aránṣọ ní Treichville, ní ìlú Abidjan, ẹ̀rín ni wọ́n á kọ́kọ́ rín kí wọ́n tó júwe ilé rẹ̀ fún yín. Opó ni, ó ti lé ní ogójì ọdún, síbẹ̀ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pa tì látìgbà tí wọ́n wà lọ́mọge ló máa ń wọ̀: ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgàdà, bàtà gogoro, àti awò dúdú tó bo ìdajì ojú. Ìyá rẹ̀, Sùwéébátù, ló ń wò ṣe. Fọ́tò ìyá náà, tí wọ́n yà ní 1969, wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù: ó wọ irú ṣòkòtò yìí, ó gbọ́wọ́ lé ìbàdí bí ẹni tó ni gbogbo Abidjan.

Nígbà tí ìlú dàrú ní 2004, tí àwọn kan ń fojú burúkú wo àjèjì àti ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀, Àrìmíyàù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń ta aṣọ lọ́jà, wá bá a.

"Jẹ̀mílà, bọ́ nǹkan wọ̀nyí. Ká rọra máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí ara ìlú á fi balẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ibí yìí ni wọ́n bí mi sí. Kí ni mo ń sá fún?"

"Ojú ń wò ọ́!"

"Kí wọ́n wò mí dáadáa. Torí ẹ̀ ni mo ṣe wọ̀ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Jẹ̀mílà lọ ra òwú lọ́jà Adjamé, Àrìmíyàù kó gbogbo ṣòkòtò náà fún àwọn olókìrìkà. Jẹ̀mílà dé, ó bá àpótí lófìfo. Ó sunkún, torí pé ṣòkòtò ìyá wọn gan-an wà níbẹ̀. Nígbà tó sunkún tán, ó já kọ́tìnì pálọ̀ lulẹ̀, èyí aláwọ̀ ọsàn tó ní òdòdó ràgàjì-ràgàjì, ó gbé e sórí ẹ̀rọ. Kílẹ̀ tó ṣú, kọ́tìnì ti di ṣòkòtò àti kóòtù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó wọ̀ ọ́ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an. Ọ̀dọ́kùnrin kan kígbe pé wèrè àjèjì ti jáde.

Jẹ̀mílà dúró. Faransé ló fi dá a lóhùn. "Wèrè, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àjèjì kọ́. Òpópónà yìí ni wọ́n bí mi sí. Ìwọ ńkọ́?"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín, ọ̀dọ́kùnrin náà sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni Marcel, ayàwòrán àdúgbò, ti rí i. Ó bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà kó yà á. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ sí gbọ̀ngàn ìṣàfihàn àwòrán kan ní Plateau, lódìkejì ọ̀sà. Jẹ̀mílà wọ kọ́tìnì rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó lọ wò ó. Lábẹ́ àwòrán, sára páálí kékeré kan, ni wọ́n kọ ọ́ sí: "Wèrè Obìnrin Treichville".

"Marcel, ta ló kọ èyí?"

"Tantie, onígbọ̀ngàn ni. Ó ní àwọn àlejò á fẹ́ràn ẹ̀."

Jẹ̀mílà ṣí páálí náà kúrò, ó fà á ya. Ó gba bírò lọ́wọ́ Marcel, ó kọ ọ́ sára ògiri funfun náà: Jẹ̀mílà ọmọ Sùwéébátù, aránṣọ.

Onígbọ̀ngàn sáré dé. "Madame, ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀!"

"Mo ti ṣe é."

Ọkùnrin náà ní òun á sọ àwòrán náà kalẹ̀. Marcel ní tó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó sọ gbogbo tòun yòókù kalẹ̀ pẹ̀lú. Àwòrán náà dúró, orúkọ náà sì dúró.

Ṣòkòtò ìyá wọn kò padà wá mọ́. Jẹ̀mílà wá a títí láàárín àwọn olókìrìkà, kò rí i. Àrìmíyàù ò sì tọrọ àforíjì. Àmọ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ní kí Jẹ̀mílà bá òun rán ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgàdà, pupa fòò, ọkùnrin náà kàn wo ilẹ̀ ni, ó sì wọn aṣọ náà fún wọn.