Fọ́tò Ẹ̀yìn Sìlífátù

Ẹja ni Sìlífátù ń yan ní Ìkátè, òun náà ni ìyá rẹ̀ yan kó tó kú. Láti ìgbà tí wọ́n ti gé ọmú rẹ̀ kan nítorí jẹjẹrẹ, bí orí bá fọ́ ọ lásán, ikú ló kọ́kọ́ máa ń rò. Nígbà tí ẹ̀yìn wá bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún ní nǹkan bí ọdún 1983, òun àti Mùínàt ọmọ rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí ọsibítù ní Èkó. Ọmọ kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kí òkun tó gbé e lọ nìyẹn. Kíláàsì kẹrin ni Mùínàt wà ní girama, ó gbọ́ òyìnbó dáadáa, àmọ́ Sìlífátù ní kó jókòó síta. Lójú tirẹ̀, wọn kì í sọ̀rọ̀ ọmú ìyá lójú ọmọ.

Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀. Dókítà gbé àwòrán náà sójú iná, ó rí ibì kan tó yàtọ̀ nínú egungun ẹ̀yìn, ó sì fi òyìnbó bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì yíjú sí Sìlífátù.

“Màámi, ṣé ẹ ti ya fọ́tò ẹ̀yìn rí?”

Fọ́tò kẹ̀? Àlùfáà ni bàbá tó bí i, kò fẹ́ fọ́tò nínú ilé rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ta ni yóò tún wá kọ ẹ̀yìn sí ayafọ́tò?

“Rárá o,” ni Sìlífátù wí. “N kò ya fọ́tò rí láyé mi.”

Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti yà á rí. Lọ́dún tó yọ̀ ṣubú létí ọ̀sà pẹ̀lú agbọ̀n ẹja lórí, kí jẹjẹrẹ tó dé rárá, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n tan iná sí i lẹ́yìn, wọ́n sì fún un ní ike dúdú kan mú relé. “Iná” ni òun ń pè é. Ike náà ló fi dí ojú fèrèsé ahéré tó ti ń yan ẹja. Ká ní nọ́ọ̀sì yẹn kàn fìka tọ́ka sí ohun tó wà lójú iná ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Nígbà tí kò sí àwòrán àtijọ́ tí wọn yóò fi wé e, dókítà ní nǹkan tuntun ni, pé jẹjẹrẹ ti ràn dé egungun. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Sìlífátù yọ ọmọ kúrò níléèwé. Mùínàt sunkún, ó bẹ̀bẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun ṣe ìdánwò àṣejáde, nítorí nọ́ọ̀sì ló fẹ́ di. Ìyá ní òun kò ní kú kí òun fi ọmọ òrukàn sílẹ̀ láìní ọkọ. Tàjùdéèn, tó ń fi típà kó yanrìn lọ síbi tí ìjọba ti ń kọ́lé ní Ìlasàn, ló fi ọmọ náà fún láti fi ṣe ìyàwó kẹta. Wọ́n so yìgì, ó kó o lọ sí Addo. Sìlífátù wá jókòó, ó ń retí ikú.

Ikú kò dé. Ọdún yí po, òmíràn tẹ̀lé e, ńṣe ni obìnrin yìí ń sanra. Nígbà tó padà sí ọsibítù, Dókítà Odùbánjọ ló bá, obìnrin tó ń sọ Yorùbá. Ìyẹn bi í bóyá ẹ̀yìn náà ti ṣe é rí. Ó ròyìn ìṣubú etí ọ̀sà, ó ròyìn iná, ó ròyìn ike. Dókítà ní kó lọ gbé e wá.

Èéfín ti kun ike náà. Dókítà nù ún, ó gbé òun àti àwòrán tí dókítà àkọ́kọ́ wò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú iná. Egungun kan náà ni, ìlà kan náà tó dúró gbọọrọ bí ìlà ara ẹní, kò fẹ̀ sí i, kò sì dín. Ó ṣàlàyé pé jíjẹ ni jẹjẹrẹ ń jẹ egungun títí yóò fi wó. Èyí kò jẹ nǹkan kan. Mùdùnmúdùn inú egungun ló kàn yí padà níbẹ̀, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ kí jẹjẹrẹ tó mọ ọ̀nà ọmú rẹ̀. Ó ní kó lọ fọkàn balẹ̀.

Addo ló gbà lọ. Ó bá Mùínàt níbi tó ti ń fọ aṣọ àwọn ọmọ orogún, oyún kejì ti yọ síta, ọrùn rẹ̀ ti rù. Ó dun ìyá wọ egungun, egungun tí kò ní àrùn kankan. Ó rò ó fún un látòkèdélẹ̀.

“Abẹ́ ike yẹn ni mo ti máa ń ṣe iṣẹ́ iléèwé,” ni Mùínàt wí. “Mo máa ń ka eegun yín níbẹ̀.”

Ìyá ní òun kò mọ̀ pé iná yẹn náà ni wọ́n ń pè ní fọ́tò.

“Èmi mọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, Màámi. Ẹ ò pè mí.”

Ó bu omi sórí aṣọ, ó ń fọ̀ ọ́ lọ.