Àkùrọ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹ́ Dé Mọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì lè ru omi délé kí ìdajì rẹ̀ má dà sí mi lára, àwọn obìnrin agboolé wa ní àkùrọ̀ kan lẹ́yìn ilé, ní ìgbèríko Ìlaròó níbí. Kò sí ẹni tó lè pè é ní tòun nìkan. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní ebè tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń ro ó ni. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ata, kò sí èyí tí a kì í rí já níbẹ̀, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kànga kékeré kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n fi ń bomi rin ewébẹ̀. Kò jìn púpọ̀, kò sì ní ògiri. Òfin tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fa omi kẹ́yìn ni yóò fi pákó dé e, tí yóò sì gbé òkúta lé pákó náà.

Ìyàwó tó kéré jù lágboolé, Ìyá Kékeré ni àwa ọmọdé ń pè é. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí nígbà yẹn, ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ranlẹ̀ ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, gbogbo obìnrin ti kúrò ní àkùrọ̀, a wá ọmọ náà títí. Inú kànga yẹn ni wọ́n ti rí i. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe gbé e jáde.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò dé àkùrọ̀ mọ́. Kò sì sẹ́ni tó béèrè ẹni tí kò fi pákó dé kànga, nítorí ẹni tó bá béèrè lè gbọ́ èsì. Ọdún méjì kọjá. Èèsún ga ju ilé lọ, wèrèpè fà bo gbogbo ebè. Ọwọ́ àwọn ará àdúgbò kejì la ti wá ń ra ẹ̀fọ́.

Ìyá mi ni ìyálé gbogbo wọn. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, èèyàn tó fara balẹ̀ ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ìdí rẹ̀ ò gbé orí àpótí mọ́. Á gbálẹ̀ tán, á tún un gbá. Bí Ìyá Kékeré bá ń kọjá, á kí i ṣáá, á bi í bó ṣe jí, á bi í bó ṣe sùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló máa ń wò. Èmi rò pé àánú ọmọ yẹn ló ń ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a gbọ́ ìró àdá nínú igbó náà. Ìyá Kékeré ló wà níbẹ̀, òun nìkan, ó ń ṣán an. Àwọn kan ní ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú. Ọkọ rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó jáde, kí ejò má bàa bù ú ṣán. Ó ní, “Mo fẹ́ rí kànga yẹn kí n dí i. Koríko ti bò ó báyìí, pákó ò sì sí lórí rẹ̀. Bí mi ò bá dí i, ọmọ ẹlòmíì ló kàn.” Ọkọ rẹ̀ padà sílé. Àwọn obìnrin tó kù dúró létí igbó, wọ́n ń wò ó, wọn ò wọlé.

Ní ọjọ́ kìíní, gààrí jóná mọ́ ìyá mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó di ẹrù ọjà Ayétòrò, ó dé ìdí ọkọ̀, ó padà. Lọ́jọ́ kẹta, ó ń ti ẹnu ọ̀nà bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Mo ní, “Màámi, ṣé ara yín ò yá ni?” Ó ní, “Lọ jókòó.” Èmi jókòó. Òun ni kò lè jókòó.

Lọ́jọ́ kẹrin ló mú àdá, ó wọ igbó lọ. Mo tẹ̀ lé e, kò sì lé mi padà. A bá Ìyá Kékeré níbi tó ti ń gé èèsún, wèrèpè ti jẹ ọwọ́ rẹ̀ wú.

Ìyá mi ní, “Ìyàwó. Èmi ni mo fa omi kẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé mo ṣì máa padà wá fà sí i, mi ò padà wá mọ́. Èmi ni mi ò dé e.”

Ìyá Kékeré ò yíjú. Ó gé èèsún kan, ó gé òmíràn. Lẹ́yìn náà ló ní, “Mo mọ̀, Ìyálé mi. Korobá yín ni mo bá létí kànga. Èmi ni mo gbé e padà sẹ́nu ọ̀nà yín, kí ẹlòmíì tó rí i.”

Ìyá mi, ìyálé ilé, kúnlẹ̀ sínú ẹ̀gún níwájú ìyàwó tó kéré jù. Ìyá Kékeré ò tètè gbé e dìde. Ó jẹ́ kó wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀.

“Láti ọdún méjì ni mo ti ń retí kí ẹ wá sọ ọ́ fún mi,” ló wí. “Ẹ dìde. Apá ti ń ro mí, ẹ bá mi gba ọ̀hún yẹn.”

Wọ́n jọ ń ṣán an. Nígbà tí àwọn obìnrin tó kù rí i pé ìyálé ti wọlé, wọ́n gbé àdá àti ọkọ́ tiwọn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, a ti rí kànga. Òkúta àti erùpẹ̀ la fi dí i, tọmọdé tàgbà ló rù ú. Nígbà tó yá, wọ́n gbẹ́ òmíràn sí etí àkùrọ̀, wọ́n sì mọ ògiri yí i ká dé àyà àgbàlagbà.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wá dùn bí oyin. Ọjọ́ mìíràn wà tí ìyá mi á kí Ìyá Kékeré tí kò ní dá a lóhùn láti àárọ̀ títí alẹ́. Ìyá mi á gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Kékeré tún bímọ, ìyá mi ló ránṣẹ́ sí pé kó wá bá òun wẹ ọmọ.

Gbogbo wọn ti lọ báyìí. Ilé búlọ́ọ̀kù ló wà lórí àkùrọ̀ náà, olúkúlùkù ní borehole tirẹ̀ nínú fẹ́ǹsì tirẹ̀, ọkọ̀ símẹ́ńtì ń kọjá lójú títì, fèrèsé wa ń gbọ̀n. Mi ò sọ pé ayé àtijọ́ dára jù. Kànga tí kò ní ògiri, ayé àtijọ́ ló gbẹ́ ẹ, ọmọ sì ti ibẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n igbó kan náà ni àwọn tó ṣẹ ara wọn nígbà yẹn jọ ní láti ṣán. Lónìí, èèyàn á kàn dí nọ́ńbà ẹnì kejì lórí fóònù, á kó lọ sí àdúgbò mìíràn, ó parí.

Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí ńkọ́? Àbúrò mi obìnrin wà ní Ìdí-Ìrókò. Ohun kan wà tí mo ṣe sí i, tó yẹ kí n ti fẹnu ara mi sọ fún un tipẹ́tipẹ́. Ọ̀nà ibẹ̀ ò jìn. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń wọ bàtà láàárọ̀ tí mo tún ń bọ́ ọ. Ọ̀kan nínú yín, ẹ bá mi pe ọlọ́kadà wá, kí n má tún bọ́ tòní.